Àgbo Tí A Kò Wọ̀n

A ti gbọ́ ohùn àwọn kan nínú àwọn ará wa, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ baba wọn tọkàntọkàn, tí wọ́n ń wí pé ẹni tí ó bá ní kí a fi ìwọ̀n sí àgbo ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú òyìnbó. A kò lè dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ta ni ó sọ fún wọn pé àwọn baba wa kì í wọn nǹkan? Ìyá wo ní Agége ni ó ń fi kọ́ọ̀pù baba ọmọ rọ àgbo sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu? Onísègùn tí ń fi aṣofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè kò jẹ́ bù ú bí ẹni bu gààrí, nítorí ó mọ̀ pé egbò tí ń mú ara rọ̀ náà lè mú ẹni lọ.

Ẹ wo àwọn ìgò tí ń ti Ìkejà àti Agége jáde wá sí ọjà. Ìwé ara wọn ń dán. A ní wọ́n ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ńbà NAFDAC ni olùrà ń rí, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀. Kò ka ìlà kékeré tí ó wí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí a ní oògùn náà ń ṣe wò.

Kí ni wíwọ̀n tí à ń wí? Ní ọdún 1927, J. W. Trevan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ó lè pa eku kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ara eku kò dọ́gba: èyí tí ó pa ọ̀kan, òmíràn á mu ún, á sì máa jẹun lọ. Ó ní kí a wá ìwọ̀n tí ń pa ìdajì wọn. (Lónìí, eku díẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ náà.) A ó wá fi ìwọ̀n tí ń pa wé èyí tí ń wò. Bí wọ́n bá jìnnà sí ara wọn, ó dára. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ kan ara wọn, ẹ̀rù tọ́.

Wọn yóò dáhùn pé oògùn ilé iṣẹ́ pàápàá ń pa ènìyàn. Òtítọ́ ni. Láti ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn eyín ọmọdé tí ń jẹ́ My Pikin, tí a ṣe ní Èkó, pa ọmọ 84. Diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀ dípò propylene glycol, ó sì ba kíndìnrín wọn jẹ́. Àìyẹ̀wò ni ó pa wọ́n, kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ní àdúgbò ilé iṣẹ́ ní Ìkejà, òpópó kan ń jẹ́ Sàpàrà. Dókítà Ogúntọ́lá Sàpàrà, tí ó kú ní ọdún 1935, sọ orúkọ òyìnbó nù, ó sì fẹ́ràn ewé àti egbò ilẹ̀ wa. Síbẹ̀ ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀nná lọ láti fi ojú ara rẹ̀ rí bí àrùn náà ti ń tàn. Ṣé ẹrú òyìnbó ni òun náà?

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi orúkọ tàbí àwòrán yín sí ara ìgò kankan, títí olówó rẹ̀ yóò fi gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Ìkejà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sí ara ìgò náà ní èdè wa: ṣíbí mélòó fún àgbà, mélòó fún ọmọdé, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu rárá.