Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtọ́sọ́nà Akẹ́kọ̀ọ́ nínú Ìwádìí lórí Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìfáàrà

Ní ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ máa ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Lára àkòrí tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn ni ìtàn ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan tàbí òmíràn. Iṣẹ́ tí ó rọrùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kà á sí. Wọn a ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ tí yóò sọ ìtàn. Nígbà tí sáà bá wá parí, ohun tí wọ́n ń kó wá kì í ju orúkọ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, iye kíláàsì, orin ilé-ẹ̀kọ́ àti àwòrán ẹnubodè lọ. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó gbé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí ó pa orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rẹ́, tí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dá lẹ́bi. Lóòótọ́, ọ̀lẹ kò ṣàì sí láàrin wọn. Ṣùgbọ́n bí alámòójútó bá ń dúró de ìgbà tí wọn yóò gbé orí kìíní dé iwájú rẹ̀ kí ó tó mú bírò pupa, ohun tí ó kù fún un láti tún ṣe kò ju àmì ohùn àti àṣìkọ lọ. Ìtọ́sọ́nà ti pẹ́ nígbà náà. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé iṣẹ́ alámòójútó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ju ìparí rẹ̀ lọ, àti pé ohun tí ó ṣe kókó jù lọ tí ó yẹ kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni bí a ṣe ń gbé ẹ̀rí kan lé ìwọ̀n pẹ̀lú èkejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò tíì ṣe ìwádìí, bí ó ti wù kí ìwé rẹ̀ nípọn tó.

Ìdí tí Ọ̀rọ̀ Yìí Fi Kan Olùkọ́ Ọ̀la

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2009, ẹ̀kọ́ Ìtàn kò dá dúró mọ́ láàrin àwọn ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìdápadà rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí kò kọ́ ẹ̀kọ́ Ìtàn nígbà tí àwọn fúnra wọn wà ní ọmọdé, síbẹ̀ àwọn ni yóò máa darí àwọn ọmọ tí ń kọ́ ọ.

Kò sí ìtàn tí ó sún mọ́ ọmọ ju ti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń lọ lọ. Ó ń rí ògiri rẹ̀, ó ń gbọ́ agogo rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ àgbà ti jókòó ní kíláàsì kan náà. Olùkọ́ tí kò bá tí ì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá irú ìtàn yìí rí kò lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wá a. Yóò kàn pa á láṣẹ fún ọmọ pé kí ó lọ há a sórí ni.

Ìbéèrè Ni Ó Ń Bí Ìwádìí

Ẹnu ọ̀nà kìíní tí ó yẹ kí alámòójútó ti dúró de akẹ́kọ̀ọ́ ni ti ìbéèrè. "Ìtàn ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ báyìí" kì í ṣe ìbéèrè, àkọlé lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí, gbé àbá ètò náà kalẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ó bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti ohun tí ó lé ní 450,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó lé ní 800,000 ní ọdún 1955. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ni ó ń ka 1955 sí ọdún ìbí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 1955 sílẹ̀ tí ó sì rékọjá kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ kí ó béèrè ni pé: ta ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀? Ta ni ó mọ ògiri, ta ni ó sì ru omi? Níbo ni àwọn olùkọ́ ti wá, ilé ta ni wọ́n sì ń gbé? Àwọn ọmọ wo ni wọn kò mú wá, kí ni ó sì dá wọn dúró sí oko? Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti gbé owó-orí àkànṣe kalẹ̀ láti fi gbé e ró, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì takò ó. Báwo ni ti abúlé yìí ṣe rí? Ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí tó láti gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ NCE ró, ó sì ṣòro láti rí ìdáhùn rẹ̀ dà kọ láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ibi tí Ẹ̀rí Wà

Ẹnu ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìwé wà, ẹnu àgbà wà, ojú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì wà.

Lára ìwé, àwọn méjì ṣe pàtàkì ní ilé-ẹ̀kọ́: log book, níbi tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, àti rẹ́jísítà ìgbàwọlé. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí ó wọlé, orúkọ òbí àti iṣẹ́ òbí máa ń wà nínú rẹ́jísítà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka iye ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin tí ó wọlé ní ọdún 1955, tí ó tún kà á fún ọdún 1976 tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀, yóò ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un rí. Ìwé kò sì tán sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. National Archives tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba amúnisìn nípa àwọn ẹkùn ilẹ̀ Yorùbá wà, tí ìwé ìjọ CMS náà sì wà níbẹ̀.

Alámòójútó gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa ohun méjì kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé. Àkọ́kọ́ ni pé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ti yí padà. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà ní ọdún 2001. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àtúntò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 pa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan pọ̀. Ní ọdún 2020 ni ìjọba tí ó tẹ̀ lé e yí ètò náà padà. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ àtijọ́ lè jókòó ti ìwé tí ó ń wá kí ó má dá a mọ̀. Èkejì ni ti àkọtọ́. Ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú àkọtọ́ òde-òní tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 yóò ní "aiye," "enia" àti "Oshogbo" nínú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ, kí ó kọ ọ́ bí ó ti bá a. Ẹ̀rí ìgbà ni àkọtọ́ náà.

Ní ti ẹnu àgbà, ọjọ́ ń lọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 ti lé ní ẹni ọdún 75 báyìí, àwọn tí ó kọ́ ọ kò sì pọ̀ láyé mọ́. Kí abẹnà-ìmọ̀ má sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan, nítorí ó lè jẹ́ ọdún tí ó kọjá ni wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Ìyá tí ó ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ, ọlọ́dẹ, bíríkìlà, àti obìnrin tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ, gbogbo wọn ni ó ní ìtàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. "Bàbá, ṣé ìyà pọ̀ nígbà náà?" ti sọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́. "Ẹ jọ̀wọ́ Bàbá, báwo ni ọjọ́ àkọ́kọ́ yín ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí?" ni ó ṣílẹ̀kùn. Bí àgbà kò bá rántí ọdún, kí a fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá a: ṣé kí òmìnira 1960 tó dé ni? Ṣé ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969 ni, tàbí ìgbà tí náírà dé ní 1973?

Bí Ẹ̀rí Bá Takora

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni ó ṣòro jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ alámòójútó kì í dúró dè. Bàbá kan yóò sọ pé 1951 ni ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, òkúta ìpìlẹ̀ yóò ní 1955, ìwé ayẹyẹ yóò ní 1954. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà yóò mú èyí tí ó wà nínú ìwé ayẹyẹ, yóò sì sin ìyókù. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ: ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ péjọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń sọ ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí i, ìkẹta ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọdún 1896 ni ó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wà ní Abẹ́òkúta àti Èkó ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tí ó bá béèrè ọdún ìdásílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ìdásílẹ̀ túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ le ju ti ọdún lọ. Ìjọ lè ní àwọn ni, kí ìlú ní àwọn ni ó ru yanrìn, kí ìdílé kan ní orí ilẹ̀ àwọn ni. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ lè di ohun tí wọn yóò gbé lọ sí kóòtù. Nítorí náà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀: ta ni ó sọ ọ́, níbo ni ó wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, àǹfààní wo ni ó lè ní nínú rẹ̀, ìwé wo ni ó tì í lẹ́yìn? Lẹ́yìn èyí ni yóò tó sọ èyí tí ó gbà àti ìdí rẹ̀. Bí kò bá sì rí ìdí kan, kí ó jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Alámòójútó tí ó bá gé máàkì nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ìdáhùn kan ṣoṣo ń kọ́ ọ ní irọ́ pípa.

Alúfàá Samuel Johnson, tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ó dárúkọ lára àwọn tí ó fún un ní ìtàn: David Kukomi ní Ìbàdàn, Lágunjú tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ, àti Josiah Oni. Ẹ̀kọ́ kejì tún wà níbẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Ó sì kú ní ọdún 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó fi jáde ní ọdún 1921. Akẹ́kọ̀ọ́ tí fóònù rẹ̀ nìkan ni ó gba ohùn àgbà sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ẹ̀hónú àwọn Alámòójútó

Àwọn kan yóò ní akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ jù lọ́rùn àwọn, àti pé owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀hónú yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé mẹ́ta péré ni àbá yìí ń béèrè: ọ̀kan lórí ìbéèrè, ọ̀kan lórí ẹ̀rí, ọ̀kan lórí ìtakora. A lè ṣe é pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni mẹ́rin lè pín ilé-ẹ̀kọ́ kan mú, kí ọ̀kan ka rẹ́jísítà, kí èkejì wá àwọn obìnrin àgbà lọ, kí àwọn yòókù pín ìyókù láàrin ara wọn. Rẹ́jísítà abúlé kò gba owó ọkọ̀ púpọ̀. Ìmójútó ìwé oníkókó púpọ̀ tí kò ní ẹ̀rí nínú ni ó ń jẹ àkókò olùkọ́ jù.

Àgbálọgbábọ̀

Ọwọ́ èwe kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé ilé àwọn àgbà. Alámòójútó ni ó mọ ohun tí wọn yóò béèrè níbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka Yorùbá fi ohun mẹ́ta sínú òfin iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìbéèrè rẹ̀ hàn kí ó tó gba àkòrí; kí fọ́nrán ohùn, tí ó gba àṣẹ lẹ́nu abẹnà-ìmọ̀ kí ó tó gbà á, bá iṣẹ́ náà wọ ẹ̀ka; kí ẹ̀dà kan sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n nà tàbí tí wọ́n lé ní ọjọ́ kan àná kò gbọdọ̀ jáde nínú rẹ̀.

Bí a bá ṣe èyí fún ọdún márùn-ún, ìwé tí ó wà nínú yàrá ẹ̀ka yóò ti di ibi tí ẹlòmíràn lè ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bí a kò bá ṣe é, àwọn tí ó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 yóò máa lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò sì kù nínú ìwé.