Ojú Ta Ni Iná Yìí Wà Fún?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ ní Lálúpọn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ta ló ní kí á máa tan gílóòbù sórí ọmọ ẹja láti alẹ́ di òwúrọ̀? Wọ́n á ní, "Kí n lè rí wọn dáadáa ni." Ojú olówó ni iná ọ̀hún wà fún, àbí ojú ẹja?

Òru ni àrọ̀ ń jẹ̀. Irùngbọ̀n mẹ́jọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ nínú òkùnkùn. Bí iná bá mọ́lẹ̀ jù, ara ọmọ ẹja kì í balẹ̀, wọn a sì máa gé ara wọn jẹ. Nígbà tí iye wọn ò bá pé mọ́, ẹ ó máa bú ẹni tó ta oúnjẹ!

Wọ́n á tún ní àwọn òyìnbó ń tan iná aláwọ̀ aró sórí iyùn inú òkun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewé omi tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú ara iyùn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ tó ń bọ́ ọ. Àrọ̀ ò ní irú rẹ̀ lára. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ẹ da nǹkan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bo táǹkì. Ẹ ya ńlá kúrò lára kékeré. Bí ẹ bá yẹ̀ wọ́n wò tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa iná!