Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Máa Wo Iṣẹ́ Olùkọ́

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, àwọn ilé tí a kọ́, ife-ẹ̀yẹ tí a gbà àti àwọn ọmọ tí ó yege ni a máa ń kà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ tí ó ń lọ nínú kíláàsì ni òbí ṣe ń kọjá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀ kí ó tó fa ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Olùkọ́ a máa dá nìkan ṣiṣẹ́. Yóò béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì yóò hó pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Ariwo yẹn a sì bo ọmọ mẹ́ta tí kò yé mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, yóò rí àwọn tí a ń pè lójoojúmọ́ àti àwọn tí a kì í pè, yóò sì mọ̀ bóyá olùkọ́ ní sùúrù kí ọmọ ronú kí òun tó dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí onígbàgbọ́. Nínú Ẹ́kísódù orí 18, Jẹ́tírò wo bí Mósè ti ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó rí. Mósè, aṣáájú ńlá, sì gbà á.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olùkọ́ Jàpáánì ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní jugyō kenkyū: wọn a jọ pèsè ẹ̀kọ́ kan, ẹnìkan a kọ́ ọ, àwọn yòókù a máa wo àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà wọn a jọ tún un ṣe. Láti 2005 ni Sáńbíà ti mú un wọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

A mọ̀ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn kan, nítorí bíírò alábẹ̀wò ti dá ọ̀pọ̀ olùkọ́ lágara. Nítorí náà, kí àbẹ̀wò yìí má ṣe wọ fáìlì ẹnikẹ́ni, kí ó má sì kan owó oṣù tàbí ìgbéga. Kí àwọn méjèèjì fẹnu kò ṣáájú lórí ohun kan ṣoṣo tí wọn yóò wò. Kí àgbà olùkọ́ náà gbà kí ọ̀dọ́ wo òun.

Àkókò ni yóò náni jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, lára ẹ̀bùn àjọ̀dún tí ẹ ń dá jọ, ẹ ràn wá lọ́wọ́ láti gba olùkọ́ kan kún un, kí àwọn yòókù lè ráyè wo ara wọn. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ pé olùkọ́ kan jókòó sí kíláàsì ẹlòmíràn, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kò yé ẹni tí ń kọ́ni. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni kì í bẹ̀rù ojú. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ni yóò jèrè rẹ̀.