Àwo Àkọ́kọ́ Ọmọ Olórin: Ìwé Àdéhùn Ni Tàbí Ìwọ̀fà?

Àwọn àgbà ní igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òwe yìí bá àsìkò tí a wà yìí mu púpọ̀, nítorí pé ó ṣòro kí a tó rí àdúgbò kan ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo tí kò ní ọ̀dọ́ kan tí ń múra àtigbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Iyàrá kan, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Orin tí ọmọ náà bá kọ lálẹ́ òní lè dé etí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Owó tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré mọ́. Ilé-iṣẹ́ Spotify, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2021, kéde pé orin àwọn olórin Nàìjíríà pa owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 58 náírà lọ́dọ̀ òun nìkan ní ọdún 2024. Nígbà tí òbí bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí, ẹnu a máa dùn mọ́ ọn láti sọ pé kí ọmọ òun náà lọ kọrin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè: ọwọ́ ta ni owó náà kọ́kọ́ ń bọ́ sí? Kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó la ohùn ni, bí kò ṣe ọwọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ lórí orin náà. Ìwé tí ọmọ bá fọwọ́ sí kí àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ tó jáde ni yóò sì sọ ẹni tí í ṣe onítọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nìkan. Ọ̀rọ̀ àṣà ni pẹ̀lú, nítorí pé Yorùbá ní ìlànà tirẹ̀ lórí bí ọmọdé ṣe ń wọ iṣẹ́, bí ó ṣe ń bọ́ lábẹ́ ọ̀gá, àti bí a ṣe ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn dógò owó.

Láti Alágbe Dé Olówó

Láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ń fi orin ṣe iṣẹ́. Ìran Àyàn ni ó ni ìlù. Àwọn ọ̀jẹ̀ ni ó ni ẹ̀sà egúngún. Àwọn ọdẹ ni ó ni ìjálá. Inú agbo ilé ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé ta ni ó fún un láṣẹ. Ẹni tí kò bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá tí ó gbé ìlù kọ́ èjìká, alágbe ni wọn yóò pè é, ẹbí rẹ̀ yóò sì máa fi ojú rẹ̀ pamọ́ fún àlejò.

Ìtàn Sunny Adé fi èyí hàn kedere. Ọmọ oyè ni ní ilé ọba Oǹdó, wọ́n sì bí i ní ọdún 1946. Nígbà tí ó kúrò nílé lọ sí Èkó, ohun tí àwọn ará ilé gbà gbọ́ ni pé Yunifásítì Èkó ni ọmọ àwọn ń lọ. Ìdí ìlù ni ó gbà lọ. Ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó ti jẹ́ ọmọṣẹ́, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ọdún 1974, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí owó àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn tí ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró ti la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, nígbà tí wọ́n pawọ́ pọ̀ dá Star Records sílẹ̀ ní ọdún 1969. Kò sí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nígbà náà, nínú pé kí olórin máa du iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn ará ìṣáájú ti lo ọdún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọmọ òde òní ń fọwọ́ sí ìwé kí ó tó wọ bàtà rárá.

Orúkọ Ìyá Lẹ́nu Ayé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láàárín àwọn tí àwo àkọ́kọ́ wọn mi ìgboro ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Ahmed Ọlọ́ladé ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù. Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1995. Ó kẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Orúkọ tí ó fi ń kọrin ni Àṣàkẹ́, èyí tí í ṣe orúkọ ìyá rẹ̀. Oríkì obìnrin ni Àṣàkẹ́, bí Àbẹ̀kẹ́ àti Àjọkẹ́. Ẹni tí a ṣà láti kẹ́ ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ọkùnrin ń jẹ́ oríkì obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ àṣà yóò rántí pé kò sí oríkì Yorùbá tí kò ní ìyá nínú, àti pé orírun ìyá kì í gbẹ́yìn nígbà tí a bá ń ki ènìyàn.

Orúkọ náà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán nínú iṣẹ́ orin. Nígbà tí Wàsíù fi Àyìndé kún orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Síkírù Àyìndé Barrister, ni ó ti gbà á, gbogbo ayé sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́. Ìjúbà ni orúkọ náà. Lónìí, ó ṣeé ṣe kí ìwé àdéhùn kan sọ pé orúkọ tí olórin ń jẹ́ lórí àwo di ti ilé-iṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè lò ó bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ wọn. Kí ẹni tí ó fi orúkọ ìyá rẹ̀, tàbí oríkì tí ìyá bàbá rẹ̀ fún un, kọrin rò ó wò: ǹjẹ́ a lè fi oríkì ìdílé dógò?

Ọ̀gá àti Ọmọṣẹ́

Àṣà ìkọ́ṣẹ́ láàárín Yorùbá ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró. Òbí ni ó ń mú ọmọ lọ bá ọ̀gá. Ẹlẹ́rìí a wà níbẹ̀. Wọn a dá ọdún tí ọmọ yóò lò. Wọn a sọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá parí, wọn a se oúnjẹ, wọn a gbé ọtí kalẹ̀, ọ̀gá a gbàdúrà fún un, a sì fún un ní òmìnira lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ náà lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ọ̀gá kò ní ẹ̀tọ́ láti gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí ó kọ́ ọ.

Àpẹẹrẹ rere kò tán nílẹ̀ ní ayé òde òní. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ID Cabasa ni Olamide, ọmọ Bàrígà, ti gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2011. Ní ọdún kejì ó dá YBNL sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, abẹ́ àsíá YBNL yìí ni Àṣàkẹ́ wọ̀, tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, «Mr. Money with the Vibe», fi jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 pẹ̀lú orin 12. Nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́ bí ohùn ogunlọ́gọ̀ ṣe ń gbè é lẹ́yìn bí ẹni wà ní agbo fújì, tí lílé àti gbígbè sì ń dá ara wọn lóhùn. Nígbà tí ó di ọdún 2025, òun náà ti gbé àsíá tirẹ̀ sókè, ó pè é ní Giran Republic. Ọmọṣẹ́ di ọ̀gá, ọmọṣẹ́ rẹ̀ náà sì tún di ọ̀gá. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń dàgbà láàárín Yorùbá nìyẹn.

Níbo Ni Ìwọ̀fà Ti Wọ Ọ̀rọ̀ Náà?

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ń bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pàdé. Àwọn kan wà tí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kò jọ ìkọ́ṣẹ́, bí kò ṣe ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, bí owó bá ká ènìyàn mọ́, bóyá nítorí òkú sísin tàbí gbèsè, a tọ olówó lọ, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó ni èlé. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, iṣẹ́ náà kì í dín ojú owó kù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ilé tirẹ̀. Ó ní àkókò tí ó fi ń ro oko tirẹ̀. Ó ní onígbọ̀wọ́ tí ó dúró láàárín òun àti olówó. Ní ọjọ́ tí ojú owó bá sì pé, ó dòmìnira, kò sì sí ohun tirẹ̀ kan tí ó kù lọ́wọ́ olówó.

Ẹ wá fi èyí wé àdéhùn orin. Ilé-iṣẹ́ a fún ọmọ ní owó ìṣáájú. Àwọn òbí a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni. Gbèsè ni, orí ìpín ọmọ nìkan ni a ó sì ti máa yọ ọ́. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé mílíọ̀nù 10 náírà ni owó ìṣáájú, àti pé ìpín ọmọ jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Orin náà gbọ́dọ̀ pa mílíọ̀nù 50 kí ìpín ọmọ tó pé mílíọ̀nù 10 tí yóò fi san gbèsè náà. Ní àkókò yẹn, mílíọ̀nù 40 ti wọ àpò ilé-iṣẹ́, ọmọ kò sì tíì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ mìíràn. Bí a bá tún ka owó fídíò, owó ìpolówó àti owó ọkọ̀ òfuurufú mọ́ gbèsè, ọ̀nà a tún jìn sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú ju ìwọ̀fà lọ ni ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbèsè bá ti tán, ohùn tí a gbà sílẹ̀ lè ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ títí lọ, bí ìwé bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Olówó gba owó rẹ̀ pé, ó sì tún mú oko.

Ó tọ́ kí a sọ ti ẹnìkejì pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo àwo ni ó ń tà. Bí orin bá kú sí ọjà, ilé-iṣẹ́ ni owó sábà máa ń ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kì í sábà dá owó ìṣáájú padà láti inú àpò ara rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ sínú ewu ní ẹ̀tọ́ láti jèrè. Ohun tí àṣà kò fara mọ́ ni kí èrè náà má ní òpin, àti kí ẹni tí ó wọ àdéhùn má mọ ohun tí ó wọ̀.

Ohun Tí Òfin Sọ

Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin tuntun tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí a ń pè ní òfin ọdún 2022. Òfin yìí ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ olórin mọ̀. Orin tí a kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin, ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ẹ̀tọ́ náà sì wà títí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò fi kú, yóò sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ènìyàn lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó di èkejì mú. Bẹ́ẹ̀ ni òfin sọ pé a kò lè gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn pátápátá láìsí àkọsílẹ̀. Èyí fi hàn pé ọwọ́ olórin fúnra rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà sábà máa ń ti bọ́. Ogún ni ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́: ohun tí ọmọ ọdún méjìlélógún bá fọwọ́ sí lónìí lè jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò jogún, tàbí ohun tí wọn yóò pàdánù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ lọ fọwọ́ sí ìwé, kí ẹbí má fi ìbínú lé e jáde bí ti ayé ọjọ́sí, kí wọn má sì tìtorí ìdùnnú owó gbàgbé láti bèèrè ọ̀rọ̀. Kí wọn ṣe bí wọn yóò ti ṣe bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ aránṣọ ni ó fẹ́ kọ́. Kí wọn bá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Kí wọn mú agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, èyí tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, nítorí òun ni onígbọ̀wọ́ ayé òde òní. Kí wọn bèèrè iye ọdún tí àdéhùn yóò lò, iye àwo tí ó wé mọ́ ọn, ẹni tí yóò ni ohùn náà nígbà tí gbèsè bá tán, àti bí orúkọ yóò ṣe padà sílé. Ọ̀gá tí ó ní èrò rere kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ fọwọ́ sí i lálẹ́ òní, kí ẹbí má gbọ́, ti fi irú ẹni tí òun jẹ́ hàn.

Ọjọ́ tí àwo àkọ́kọ́ bá jáde, ọjọ́ ayọ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò jó, ìyá yóò ki ọmọ rẹ̀, ìgboro yóò gbọ́. Kí ó tó di ọjọ́ náà ni kí a ti mọ̀ bóyá oko ara rẹ̀ ni ọmọ ń ro tàbí oko olówó. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.