Nípa Ọ̀rọ̀ náà "Ọmọ"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu Yorùbá, agbára káká ni a ó fi rí èyí tí ó wọ́pọ̀ ju "ọmọ" lọ. Kì í ṣe ẹni tí a bí nìkan ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ọlọ ní ọmọ tirẹ̀, odó ní ọmọ tirẹ̀, ọwọ́ ní ọmọ ìka, ọmọ ayò sì ń bẹ nínú ọpọ́n. Ẹni tí ń jagun ni ọmọ ogun; ní Kúbà pàápàá, ẹni tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà ni ọmọ òrìṣà. Ohun kan ni ó so gbogbo wọn pọ̀: ọmọ kì í dá dúró, ó ní ibi tí ó ti wá.

Nísisìyí, ẹ dúró díẹ̀ ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní ibùdókọ̀ kan ní Ọ̀yọ́, kí ẹ sì fetí sí àwọn ọ̀dọ́. "Ọmọ!" ni ẹni tí ẹnu yà ń ké, bí kò tilẹ̀ sí ọmọ kankan nítòsí. "Ọmọ" náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ń pe wúńdíá tí ó wù ú. Ọmọ ìta wà, ọmọ Yàhóò tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì sì wà. Àwọn tí kò gbọ́ gbólóhùn Yorùbá kan ń fi "Ọmọ!" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jákèjádò Nàìjíríà.

Àwọn àgbà kan ń fẹ́ kí a fi pàṣán lé àṣà yìí jáde. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ pé ọlọ ní ọmọ, ó fi ọ̀rọ̀ dárà ni. Èdè tí ọ̀dọ́ kò bá fi dárà mọ́, ó ti ń kú lọ. Èyí tí ó dùn wá ni "ọmọ onílẹ̀", nítorí kì í ṣe ẹnu ọ̀dọ́ ni ó bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ó ti hàn jù. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí ó ni ilẹ̀, pe ẹjọ́. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre pé òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ náà, kí a sì san owó gbà-má-bìínú fún wọn ní kíkún. Ní ọjọ́ wọ̀nnì, iyì ni kí a pe ènìyàn ní ọmọ onílẹ̀.

Ní 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó ní láti ṣe òfin, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n, nítorí àwọn tí aráyé ń pè ní "ọmọ onílẹ̀": àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀, tí ń gba owó tipátipá lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé, tí ń ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn méjì. Láàárín ọdún 95, oríkì di orúkọ tí a fi ń dẹ́rù bani.

Ta ni ó bà á jẹ́? Ọ̀dọ́ tí ó gbé àdá wá sórí ilẹ̀, ta ni ó rán an? Ta ni ó tẹ̀ka sí ìwé fún ẹni kìíní, tí ó tún tẹ̀ka fún ẹni kejì? Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, baba ni ó kọ́kọ́ tà á, ọmọ ń wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin mọ́gàjí àti baálé ilé, ẹ má ṣe jẹ́ kí olórí ẹbí dá nìkan ta ilẹ̀ láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà ẹbí. Òfin ìbílẹ̀ kò gbà á. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó rà á sínú ìwé tí gbogbo ẹbí mọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ilé mọ iye tí a tà á àti ohun tí a fi owó náà ṣe, kí wọ́n má baà fi àdá wá ìpín tiwọn. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ilé bá tòrò, orúkọ ọmọ onílẹ̀ yóò padà níyì.