Ẹni Tí Yóò Dáṣọ Fún Ni, Ti Ọrùn Rẹ̀ Là Ń Wò

Nígbàkígbà tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ńláńlá wa bá fẹ́ wá owó lọ sí Yúróòpù, ohun kan náà ni wọ́n máa ń ṣe. Wọn a wọ kóòtù olówó ńlá, wọn a wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọn a gba gbọ̀ngàn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọn a fi àwòrán aláràbarà han àwọn òyìnbó olùdókòwò, wọn a sì jọ jẹun alẹ́. Bí wọ́n bá padà dé Èkó, wọn a kéde fún àwa oníròyìn pé àwọn ti bá Yúróòpù dọ́rẹ̀ẹ́. Mo kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ títí nígbà tí mo wà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Lónìí, mo fẹ́ sọ ohun tí n kò kọ nígbà náà: jíjẹun pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kò sọ ni di ọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùdókòwò yìí kì í ṣe olówó tó ń ná owó ara rẹ̀. Alágbàtọ́jú owó ni wọ́n. Owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ ló wà níkàáwọ́ wọn, wọn yóò sì jíhìn rẹ̀. Ẹ wo àpò owó ìjọba Nọ́wè, tó ń tọ́jú èrè epo rọ̀bì wọn de àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Láti ọdún 2021, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìpàdé ọdọọdún iléeṣẹ́ tí wọ́n ní ìpín nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e síta fún gbogbo ayé bí wọn yóò ṣe dìbò. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ ní gbangba báyìí, ṣé inú òkùnkùn la ti fẹ́ fa ojú rẹ̀ mọ́ra?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Òyìnbó lè má gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Kó tó fi owó sílẹ̀, yóò wo ohun tí iléeṣẹ́ náà ti ṣe fún àwọn onípìn-ín tó wà nílé. Kí ni yóò rí? Òfin ọjà ìpín ìdókòwò wa sọ pé kí iléeṣẹ́ gbé ìṣirò owó ọdún tí ayẹ̀wéwò ti fọwọ́ sí jáde láàárín 90 ọjọ́ tí ọdún ìṣúná bá parí, kí ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì jáde láàárín 30 ọjọ́. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń san owó ìtanràn bí ẹni ń san owó iná. Yóò tún rí èrè orí ìpín tí àwọn tó ni ín kò rí gbà, èyí tó ti kọjá 100 bílíọ̀nù náírà, débi tí òfin ìṣúná ọdún 2020 fi ní kí wọ́n kó èyí tó bá ti pé ọdún mẹ́fà sínú àpò kan lọ́dọ̀ ìjọba.

Mo rántí ìpàdé ọdọọdún iléeṣẹ́ kan tí mo lọ kọ ìròyìn rẹ̀ l'Ékòó. Bàbá àgbàlagbà kan, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, dìde, ó béèrè ìdí tí gbèsè iléeṣẹ́ náà fi di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Kí alága tó dáhùn, àwọn kan ti ń pariwo pé kó jókòó, pé àkókò àtipín ẹ̀bùn ti tó. Bàbá jókòó. Wọ́n fún un ní àpò tí agboòrùn àti kàlẹ́ńdà wà nínú rẹ̀. Mo kọ ìròyìn náà, n kò sì fi ìbéèrè bàbá sí i.

Àwọn ọ̀gá yóò fèsì pé, "Kì í ṣe àwa la lé òyìnbó lọ, dọ́là ni." Òdodo wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, JP Morgan yọ Nàìjíríà kúrò nínú àkójọ ìwé ẹ̀yáwó ìjọba tí àwọn olùdókòwò ń tẹ̀ lé. Ní 2023, FTSE Russell náà yọ ọjà wa kúrò ní ipò tó wà, nítorí pé ẹni tó ta ìpín rẹ̀ kò rí owó rẹ̀ kó jáde. Ẹ̀bi ìjọba àti Báǹkì Àpapọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ kan náà ni Seplat ti gbé ìpín rẹ̀ sọ́jà l'Ékòó àti ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin ọdún 2014, tí GTCO sì gbé tirẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù keje ọdún 2025. Òfin ọjà ibẹ̀ kò gba wúyẹ́wúyẹ́: ìròyìn tó lè yí iye ìpín padà, gbogbo ayé ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má sì gbàgbé ọdún 2006, nígbà tó hàn pé wọ́n ti fi èrè tí kò sí bù kún ìṣirò owó Cadbury Nigeria fún ọdún mélòó kan. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, ohun tí iléeṣẹ́ wa nílò kò ju mẹ́ta lọ. Kí ìṣirò owó jáde lásìkò. Kí wọ́n tètè sọ ìròyìn burúkú, kí Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Kí àwọn tó lè sọ pé "rárá" fún ọ̀gá àgbà wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Kò sí èyí tó gba owó bàálù nínú wọn.

Bí bàbá yẹn bá sì tún dìde, ẹ dá a lóhùn. Òyìnbó tó jókòó sí Oslo ń gbọ́ yín.