Epo Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ̀ Gbogbo Ohun Tí Ọmọdé Gbé Mì



Kò sí ilé tí a ti ń ṣoge tí ọmọdé kò ti lè gbé ohun ìṣaralóge mì. Ó lè jẹ́ lọ́fínńdà, ó lè jẹ́ ìkunra, ó lè jẹ́ omi tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ìgò epo pupa ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Wọn á la ẹnu ọmọ, wọn á da epo sí i kí ó lè bì. Bí ẹnìkan bá ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á ní ó ti kọ ìṣẹ̀ṣe sílẹ̀. Èmi tí mo ń dífá, tí mo sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ni mo ń wí pé ìṣe yẹn kì í ṣe ìṣẹ̀ṣe, ó sì lè pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe “rọ̀” ni a ti ṣẹ̀dá “ẹ̀rọ̀”. Ní ojúbọ, epo ni ẹ̀rọ̀: a ń ta á sílẹ̀ fún Èṣù kí ohun tí ó le lè rọ̀. Àwa ni a gbé ọ̀rọ̀ ojúbọ wọ inú ọ̀fun ọmọ tí ó gbé májèlé mì. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ̀ṣe fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ wa pé òróró kan kì í rọ́pò èkejì. Ara ẹyìn kan náà ni epo àti àdí ti ń jáde. Èṣù ń jẹ epo, àdí sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níwájú òrìṣà kan ṣoṣo, báwo ni epo ṣe fẹ́ jẹ́ ẹ̀rọ̀ gbogbo májèlé?

Ìpara tí ń mú irun nà sábà máa ń ní èròjà tí ń jó ẹran ara. Bí ó bá ti jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí ó ń wọlé, tí a sì fipá mú ọmọ bì, yóò tún un jó nígbà tí ó bá ń jáde. Àwọn òróró ìpara ọmọdé kan wà tí a mú jáde láti ara epo rọ̀bì. Bí ọmọ bá ń bì, wọ́n lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóóró. Epo pupa tí a fipá rọ lè ṣe bákan náà. Ọtí líle wà nínú lọ́fínńdà. Ó lè mú ọmọ tòògbé, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Tìróò tiwa-n-tiwa pàápàá ńkọ́? Òjé máa ń wà nínú òkúta tí a ń lọ̀ ṣe é, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìpariwo. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ yọ ìyókù kúrò lẹ́nu ọmọ, ẹ fi aṣọ tútù nu ún. Ẹ má fipá mú un bì. Ẹ má fún un ní epo tàbí àgbo. Bí ó bá dákú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ mú ìgò tàbí ike ohun tí ó gbé mì dání, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de àmì àìsàn. Bí ẹnìkan bá ti fún un ní nǹkan ṣáájú, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Òótọ́ ni pé ìkunra díẹ̀ tí ọmọ tọ́ lá kì í sábà ṣe é ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí ilé yín, ẹ má tíì tẹ́ ọpọ́n. Ẹ wá ọkọ̀ ná. Bí ara ọmọ bá ti yá, a óò dífá, a óò rúbọ, a óò sì ta epo sílẹ̀ fún Èṣù ní orítà, níbi tí epo ti ń jẹ́ ẹ̀rọ̀.

Ifá á gbè wá o. Àṣẹ.